Ohun Tí Ìyá Àgbà Mi Ń Wá Lórí Kẹ̀kẹ́

Ní ọjọ́ kẹjọ tí ìyá àgbà mi kú, a ṣe fídáù wọn nínú ọgbà ilé wọn ní Ẹgàn, àlùfáà sì dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ìwà wọn. Ó ní obìnrin tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Ó ní nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn fẹ̀yìn ti ògiri, tí wọ́n ń fọwọ́ pa orúnkún, ṣe ni Màmá ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ẹgàn dé Akẹ̀sán, láti Akẹ̀sán dé Ìgándò, tí wọ́n ń bẹ àwọn aláìsàn wò nítorí Ọlọ́run nìkan. Gbogbo èrò ní, "Àmín." Mo wo ìyá mi. Ìyá mi wo Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, ẹ̀gbọ́n wọn. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, fi apá agbádá bojú, èjìká wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn èèyàn rò pé ẹkún ni. Ẹni tó jókòó tì wọ́n tiẹ̀ ń fọwọ́ pa wọ́n lẹ́yìn pé, "Ẹ ṣe ọkàn gírí, Àlàájì." Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ẹkún náà wà níbẹ̀, mi ò ní parọ́, àmọ́ ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde.

Kì í ṣe pé àlùfáà purọ́ mọ́ òkú. Ohun tí Màmá sọ fún un ló tún sọ. Kò sẹ́ni tó bi Màmá pé kí ló dé tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ tí kò gba èsì, àmọ́ èsì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà ni kò bára mu. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù, àkọ́bí wọn, gbọ́ pé owó ọkọ̀ ló ti wọ́n jù. Ìyá mi, Sẹ̀kínátù, tí í ṣe ọmọ wọn kejì, gbọ́ pé orúnkún ni, pé dókítà ní ẹsẹ̀ tí kò bá ṣiṣẹ́ á gan. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀, àbíkẹ́yìn, gbọ́ pé ọ̀kadà ló ń bà wọ́n lẹ́rù, torí àwọn ọmọ yẹn ń sáré àsápajúdé. Ẹgbẹ́ àṣàlátù gbọ́ ti aláìsàn. Èmi ni mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni mo ti ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìgándò, nítorí náà mo rò pé èmi á gbọ́ òótọ́. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́," ni wọ́n wí, "ṣé o ti fọ ìkòkò tí mo ní kó o fọ̀ ni?"

Ikú wọn ò ní wàhálà kankan nínú. Wọ́n kírun àárọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ na ẹ̀yìn díẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Mo ti sunkún títí ojú mi wú, ìyẹn kúrò níbẹ̀. Ohun tó kù tí mo fẹ́ ṣe ni kí n sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, kí ẹlòmíì má bàa fi ẹnu àlùfáà gbà á sọ́kàn pé ìyá mímọ́ tó fẹ́ràn ilé aláìsàn lásán ni. Ìyá mímọ́ kọ́ o. Ìyá àgbà mi ni.

Obìnrin kúkúrú ni wọ́n, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn le bí ọmọ odó. Iṣẹ́ aṣọ rírán ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, torí bàbá àgbà mi kú nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ṣì wà lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ yẹn ló sì bọ́ ọmọ mẹ́ta, tó rán wọn lọ sílé-ìwé, tó san owó ilé. Ìyá mi máa ń sọ pé nígbà táwọn wà ní kékeré, tí àwọn bá ń sùn, ẹ̀rọ ń dún, tí àwọn bá jí, ẹ̀rọ ń dún, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, àwọn kì í rí oorun sùn. Nígbà tí ojú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì tí òwú ò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, àwọn ọmọ ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n ra àga ìrọ̀gbọ̀kú fún wọn. Màmá jókòó sórí àga náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n lọ sí Ìkòtún, wọ́n sì ti kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ kan wálé, aláwọ̀ búlúù, irú ti ọkùnrin, tó ní irin gbọọrọ láàárín. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n nígbà náà, wọn ò sì mọ̀ ọ́n gùn.

Ìdòwú tó ń lẹ táyà ní ìkóríta wa ló kọ́ wọn, ní pápá ilé-ìwé kan, láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí kò sí èèyàn níbẹ̀. Ìdòwú ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko lòun fi di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn, tí òun ń sáré tẹ̀lé wọn, tí òógùn ń bo òun. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jọ̀wọ́ rẹ̀ láìsọ fún wọn. Màmá ti dé ìdajì pápá kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn. Ìdòwú dúró lọ́hùn-ún, ó ká ọwọ́ lérí, ó ń retí èébú. Màmá pariwo látorí kẹ̀kẹ́ pé, "Ìdòwú! Ta ló ní kó o fi mí sílẹ̀? Má tún dì mí mú mọ́ láyé!"

Ṣòkòtò bàbá àgbà mi ni wọ́n máa ń wọ̀ sábẹ́, wọ́n á wá ró ìró lé e, wọ́n á ká a sókè, wọ́n á fi ohun tí a fi ń há aṣọ sórí okùn há a mọ́ ìbàdí. Wọ́n á so ìbòrí mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n ní Màmá Oníkẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ní aago tó dára, tó ń dún kínrínkínrín, àmọ́ wọn ò tẹ̀ ẹ́ rí. Ìkíni ni aago wọn. Tí wọ́n bá rí ẹni tó dí ọ̀nà níwájú, wọ́n á ké láti ọ̀ọ́kán pé, "Ẹ kú ìrìn o!" tàbí "Ẹ kú ọjà o!" tàbí "Ẹ kú ìnáwó ìjẹta o!" Ẹni náà á yíjú láti dáhùn, torí kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́ ìkíni tí kò ní yíjú, á rí kẹ̀kẹ́, á sì yà bàrá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdòwú bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn ò kúkú lo aago. Wọ́n ní, "Aago wo lo rí tí ẹnikẹ́ni dá lóhùn rí?"

Gbogbo kòtò tó wà láàárín Ẹgàn sí Ìgándò ni wọ́n sọ lórúkọ, orúkọ ọmọ bíbí inú wọn sì ni wọ́n fi sọ ọ́. Kòtò Ràfíù wà níwájú ilé onígaàrí. Ẹ̀ẹ̀rùn ni o, òjò ni o, kì í yí padà, ojú kan náà ló máa ń fi wò ẹ́. Kòtò Sẹ̀kínátù kéré, àmọ́ ibi tí o kò retí rẹ̀ sí ló wà. Kòtò Jímọ̀ ló tóbi jù. Wọ́n ní ó lẹ́nu gbàràmù-gbaramu, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lára débi pé nígbà tí àlejò kan béèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kó máa lọ tààrà, pé tó bá ti dé ọ̀dọ̀ Jímọ̀, kó rọra gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó lọ, mo sì rí i tó ń bi àwọn èèyàn léèrè pé ibo ni ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀ wà. Mo bi Màmá pé kòtò tèmi dà. "Kò tíì sí," ni wọ́n dáhùn. "Tún jẹ́ kí ẹ̀wà jóná lẹ́ẹ̀kan sí i, wàá gba tìẹ."

Ẹ má rò pé gbogbo ayé ló ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n jà. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan pariwo mọ́ wọn nítòsí Ìgándò pé, "Màmá, ẹ kúrò lọ́nà jàre, ibí kì í ṣe ilé ọkọ yín!" Màmá tẹ̀lé e títí dé ìkóríta tó ti dúró gbé èrò, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pẹ̀lú ojú àánú. Wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà ní Láńre ni. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣẹ́ èpè. "Èpè kẹ̀?" ni Màmá wí. "Mo kàn fẹ́ mọ orúkọ ẹni tí màá máa dárúkọ nínú àdúà ni." Láti ọjọ́ náà ni Láńre ti máa ń rọra tó bá rí wọn, tí á tún sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ fún wọn kọjá ibi tí omi òjò bá dí. Ó wá síbi fídáù. Ó gbé àpò omi mẹ́wàá wá, ó sì jókòó sẹ́yìn.

Obìnrin kan náà wà ní àdúgbò tó gbà pé Ọlọ́run fi òun ṣọ́ ìwà àwọn obìnrin yòókù. Ó dá Màmá dúró lójúde rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ràfíù, ẹ̀yin àgbàlagbà, lórí kẹ̀kẹ́ bí ọmọdé! Ṣé ojú ò tiẹ̀ tì yín ni?" Màmá ní, "Ó ń tì mí o. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yára gùn ún kọjá níwájú ilé yín." Wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ń fò sókè bí ọmọ tó jẹ ayò. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n tú ìró tí wọ́n ká sókè sílẹ̀ wéré. Ọ̀rọ̀ ìtìjú yẹn bà wọ́n níbì kan.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí ni mo wá mọ ohun tó wà ńbẹ̀. Ọ̀nà kan wà tó lọ láti Ẹgàn sí ìhà Akẹ̀sán, ó ga lókè, ó sì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sísàlẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ṣì dán. Wọ́n tètè jọ̀wọ́ wa nílé-ìwé, mò ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí Màmá lókè pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ jí adìẹ gbé. Nígbà tó jọ pé kò séèyàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí pẹ́dàlì, wọ́n nà wọ́n síta gbalaja, wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ máa gbé wọn bọ̀. Ìbòrí ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹnu là gbàgà. "Yéèèè!" ni wọ́n ń ké, ìyá àgbà mi, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ìgbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ ni wọ́n tó rí mi. Ẹsẹ̀ padà sórí pẹ́dàlì, ẹnu pàdé, ojú le koko. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ti ìdí òkú dé.

"Ọ̀dọ̀ Ìyá Sàmù ni mo ti ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Ara wọn ò yá."

"Màmá, Ìyá Sàmù ti lọ sí Ìbàdàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ìyẹn ni mi ò fi bá wọn nílé." Wọ́n tún ìbòrí so. "Máa lọ sílé, mò ń bọ̀."

Nígbà tí mo rìn díẹ̀ tí mo bojú wẹ̀yìn, wọ́n tún ti ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè padà. Mo jókòó sórí òkúta lẹ́bàá ọ̀nà, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ẹni tí màá sọ fún.

Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń fi pamọ́. Láàárín wa, àgbàlagbà kì í ṣe nǹkan torí pé ó dùn. Ó gbọ́dọ̀ nídìí. Àgbà tó ń lá oyin á ní torí ikọ́ ni. Ẹni tó sì jẹ́ opó, tó fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọmọ mẹ́ta, tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó forí tì í, báwo ló ṣe fẹ́ jáde síta wí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń fa òun? Nítorí náà, wọ́n ń rán ìdí bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ, wọ́n ń wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rán èyí tó bá a mu.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹni tó gbé wọn ṣubú. Bọ̀ọ̀dá Sùlé jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà mi. Oṣù kan péré kí Màmá tó wọlé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí wọn. Ẹni tí ìyàwó bá sì bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà ṣe ìkókó. Màmá pọ̀n wọ́n, Màmá nu ìdí wọn, Màmá sì ń kúnlẹ̀ kí wọn ní "ọkọ mi" láti ìgbà náà, ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Bọ̀ọ̀dá Sùlé wá sí Èkó láìsọ fún wa, wọ́n kàn sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa. Mò ń rìn bọ̀ lẹ́yìn, Màmá wà níwájú mi lórí kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n ṣe rí Bọ̀ọ̀dá Sùlé, orúnkún ò dúró gba àṣẹ. Wọ́n ká ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láti kúnlẹ̀, lórí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré.

Òkìtì yanrìn kan wà níwájú ilé tí ẹnì kan ń kọ́. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ wọ̀. Bọ̀ọ̀dá Sùlé kígbe, wọ́n ju báàgì nù. Nígbà tí mo fi máa sáré débẹ̀, Màmá ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yanrìn, yanrìn kún ìpéǹpéjú, ọrùn ọwọ́ òsì ti ń wú. "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀," ni wọ́n ń wí. "Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Màmá dì mí lápá mú ká tó dé ilé ìwòsàn. Wọ́n ní tí mo bá sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ọkọ àwọn ló fà á, àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, torí ìyàwó kì í ro ẹjọ́ ìdílé ọkọ. Kí n ṣá sọ pé ẹsẹ̀ yọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì di ńlá. Ẹsẹ̀ ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin yọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kí ló tún kù? Bọ̀ọ̀dá Ràfíù pe ìpàdé.

Ọjọ́ Àìkú ni, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi wá láti Akówonjò. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù wa ọkọ̀ wọn wá láti Ìṣẹ̀rí-Olófin. Kó tó di pé wọ́n wọlé, wọ́n ti gbé kẹ̀kẹ́ Màmá sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n ti fi okùn dì í. Wọ́n ní ilé àwọn ló ń lọ, wọ́n á wá ẹni tí wọ́n máa fún. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ gbé páálí ńlá kan dání. Màmá jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́. Wọn ò wo páálí. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbà wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Màmá, ẹ ti dàgbà," ni Bọ̀ọ̀dá Ràfíù bẹ̀rẹ̀. "Bí ẹsẹ̀ yín bá yọ̀ níwájú tírélà ńkọ́?"

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ẹsẹ̀ ò yọ̀!" ni mo wí. "Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ kí Bọ̀ọ̀dá Sùlé ni!"

Mo sọ ọ́ tán, látorí báàgì tí wọ́n jù nù dórí "àwọn ará ilé ńkọ́". Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fò dìde, wọ́n fi orí gbá ògiri. Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kódà Màmá fi báńdéèjì bo ẹnu. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró kí ariwo rọlẹ̀, wọ́n wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní bó ṣe wù kó jẹ́, ọwọ́ ló kàn lónìí, ó lè jẹ́ orí lọ́la. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ sin ìyá àwọn nítorí kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe agídí, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdí Màmá kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé owó ọkọ̀ ni? Awakọ̀ kan á máa wá gbé wọn nígbàkígbà tí wọ́n bá pè. Ṣé ọ̀kadà ló ń bà wọ́n lẹ́rù? Ìyẹn náà ti tán nìyẹn. Ṣé aláìsàn ni? Ọkọ̀ yẹn náà á gbé wọn débẹ̀. Ṣé orúnkún ni? Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ ya páálí, wọ́n to irin inú rẹ̀ pọ̀. Kẹ̀kẹ́ inú ilé ni, irú èyí tí àwọn tó fẹ́ fọn ń gùn, tí kì í kúrò lójú kan.

"Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, Màmá," ni Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ wí. "Ẹ ò lè ṣubú lórí èyí láé. Ó tún máa ń ka iye tẹ́ ẹ gùn!"

Màmá gun orí rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n wo ògiri tó wà níwájú wọn, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Nígbà tó ṣe, ẹsẹ̀ wọn dúró.

"Mo ti tẹ irú èyí ní ogójì ọdún," ni wọ́n wí. "Mi ò kúrò lójú kan."

Ìyá mi ní, "Màmá, kí lẹ wá fẹ́ gan-an? Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ la ti bójú tó."

Mo wo ẹnu Màmá. Mo mọ̀ pé ìdí ti tán lọ́wọ́ wọn, tí wọn ò bá sì sọ òótọ́ nísinsìnyí, ọkọ̀ á gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ tó dára pa báńdéèjì. Mi ò rí ẹnì kan tí ojú tì bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi," ni wọ́n wí, ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ó ń dùn mọ́ mi ni."

"Kí ló ń dùn mọ́ yín?" ni Bọ̀ọ̀dá Ràfíù béèrè.

"Kẹ̀kẹ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Akẹ̀sán yẹn. Kò sí nǹkan míì. Mo mọ̀ pé kò yẹ àgbà. Ó kàn ń dùn mọ́ mi ni."

Bọ̀ọ̀dá Ràfíù jókòó.

"Màmá, mo ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta," ni wọ́n wí. "Mo ti gbọ́ tẹ́ ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín. Mo ti gbọ́ tẹ́ ẹ sọ pé kò sówó. Mo ti gbọ́ tẹ́ ẹ ní ẹ ti yó, kí àwa máa jẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n, mi ò gbọ́ kẹ́ ẹ sọ pé nǹkan kan dùn mọ́ yín rí."

Wọ́n dìde, wọ́n jáde lọ síbi ọkọ̀. Okùn ò tètè tú. Nígbà tó tú, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi agbádá nu ìjókòó rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Màmá tún fi gun kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, àmọ́ a ò tíì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé Ọlọ́run á fún wọn ní ọdún mẹ́rin. Wọ́n dúró kí ọwọ́ wọn jinná. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù ní àfi kí ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá máa tún gùn ún ṣojú àwọn, àti pé kí Màmá búra pé tí wọ́n bá rí Bọ̀ọ̀dá Sùlé látorí kẹ̀kẹ́, ẹnu nìkan ni wọ́n á fi kí wọn.

Ọjọ́ Àìkú mìíràn ni gbogbo wa fi tẹ̀lé wọn lọ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ní ìrọ̀lẹ́. Màmá ń bẹ̀ wá pé ká padà, pé ojú ń ti àwọn. A kọ̀. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú lẹ́yìn, wọ́n ní àwọn á máa sáré tẹ̀lé wọn, kí wọ́n má bàa ṣubú. Màmá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù sáré, agbádá ń wọ́lẹ̀, fìlà jábọ́, bàtà kan yọ. Ilẹ̀ dà, kẹ̀kẹ́ sì já gbà lọ́wọ́ wọn. Màmá na ẹsẹ̀ méjèèjì síta.

"Ràfíù, má sáré mọ́, wàá ṣubú!" ni wọ́n ń ké lọ sísàlẹ̀. "Yéèèè!"

Bọ̀ọ̀dá Ràfíù dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Omi ń dà lójú wọn, wọn ò nù ún. Wọ́n na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n fa ìyá mi lápá.

"Sẹ̀kí," ni wọ́n wí. "Sẹ̀kí, wò ó. Ìyá wa ń ṣeré."